Ọkùnrin Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Sanwó Oúnjẹ

Bí ẹ bá dé àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú ní Weifang, tí ẹ béèrè Luan Shuping, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé ó lówó o. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń kó èédú sínú iná nílé-iṣẹ́ yẹn, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì ju ohun tí yóò jẹ, tí yóò mu lọ. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé kò sí ẹni tó bá a jẹun nílé oúnjẹ rí tó rí owó san. Ì báà jẹ́ ìwọ lo pè é, ì báà jẹ́ òun ló pè ọ́, Shuping ni yóò sanwó.

Ẹ má rò pé sísan lásán ni mò ń wí. Ìjà ni. Bí oúnjẹ bá ti ń tán lọ, olúkúlùkù á ti máa fi igun ojú wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnì kan á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ẹnì kejì á mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, á fò tẹ̀lé e. Kí ẹ tó pajú dé, àgbààgbà méjì á ti so mọ́ra wọn níwájú obìnrin tó ń gbowó, eléyìí á di apá tọ̀hún mú, tọ̀hún á fa eléyìí lọ́rùn aṣọ, wọn á máa kígbe: "Má dójú tì mí!" "Ìwọ lo fẹ́ dójú tì mí!" "Ìyá, ẹ má gbowó ọwọ́ rẹ̀ o, ayédèrú ni!" Ìfẹ́ nìyẹn. Ẹni tí a kò bá jà lé owó oúnjẹ rẹ̀ lórí, àjèjì la kà á sí.

Shuping mọ gbogbo ọgbọ́n ìjà náà. Ó lè ti fi owó sílẹ̀ kí àlejò tó dé rárá. Ó lè rọra fi okùn báàgì rẹ so mọ́ ẹsẹ̀ àga, kí o tó tú u tán, ó ti sanwó, ó ti gba ṣéńjì, ó ti ń ta eyín. Nígbà kan, ó gbé bàtà ọ̀gá rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò ọtí. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ọ̀gá fi sáré jáde, síbẹ̀ kò bá a. Nílé oúnjẹ kan lẹ́bàá odò Bailang, Ìyá Tan tó ń gbowó níbẹ̀ ló máa ń ṣe adájọ́ wọn. Bó bá ti gbowó tán, á lu tábìlì rẹ̀, á ní, "Shuping ló tún mú un! Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa lọ sùn." Gbogbo ilé á wó fún ẹ̀rín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó borí níbi tí kò yẹ kó ti borí, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló sì ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni bàbá Shuping kú. Nílẹ̀ Shandong, àkọ́bí ọkùnrin ló ni ìsìnkú, òun ló sì ni oúnjẹ tí àwọn tó wá kẹ́dùn yóò jẹ. Luan Shulin, ẹ̀gbọ́n Shuping, ni àkọ́bí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ta igi tó fẹ́ fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe nítorí tábìlì oúnjẹ méjìdínlógún ọjọ́ yẹn. Nígbà tó débi àwọn alásè láti san owó wọn, wọ́n ní, "Àbúrò yín ti san án láti àná." Shuping kò gbèrò ibi. Ó kàn rí owó oúnjẹ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ san ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, bó ṣe máa ń yá. Báyìí ni àkọ́bí ṣe di àlejò níbi ìsìnkú bàbá tó bí i, lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí. Shulin kò pariwo. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú, ó ní, "O ṣeun. A jẹ, a yó." Ó gba Hanting lọ, níbi tó ń gbé. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ẹnu ọ̀nà Shuping mọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án! Bí ọdún tuntun bá dé, Shuping á gbé ọtí lọ sí Hanting, ọtí á padà wálé. Guiqin, ìyàwó rẹ̀, lọ bẹ̀bẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ní ìgbà ẹ̀rùn yìí ni Shulin pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Guiqin tún lọ, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀.

Shulin ní, "Ó dára. Màá wá bá a jẹun. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ o."

Nígbà tí Guiqin mú ìròyìn náà délé, Shuping kò lè sùn. Ó jí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó ní, "Ìyá Yajing, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá jà lójú gbogbo ayé. Màá sì jẹ́ kó dá mi."

Guiqin dìde jókòó. "Ìwọ? Kí wọ́n dá ọ?"

"Èmi náà ni. Kí gbogbo ilé oúnjẹ rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni màá dá padà."

"Bàbá Yajing, o ò lè ṣe é. Ara rẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń lulẹ̀."

Wọ́n bọ́ sílé ìdáná, wọ́n ń fi ara dánra wò. Guiqin ṣe Shulin, ó mú owó dání. Shuping dì í lọ́wọ́ mú, ó ń kígbe pé kó má dójú ti òun. Ó yẹ kó jáwọ́ nígbà tó bá kà dé mẹ́wàá. Ìgbà àkọ́kọ́, ó borí. Ìgbà kejì, ó borí. Ìgbà kẹta, ó já owó náà gbà, ó fi pamọ́ sínú bàtà rẹ̀, ojú tì í. Ìgbà kẹfà ni ìyàwó rẹ̀ tó borí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Wò ó! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí wa."

Wọn kò sọ fún Yajing, ọmọ wọn obìnrin. Ta ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ lulẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ Àìkú pé. Shuping wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sílé oúnjẹ ẹ̀bá odò yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń dùn. Ó tó ọdún mẹ́rin tó ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ó wọlé, ó wo ibi tí Ìyá Tan máa ń jókòó sí. Kò sí Ìyá Tan, kò sí tábìlì Ìyá Tan. Òdòdó onírọ́bà ni wọ́n gbé síbẹ̀, àti àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri.

"Ìyá Tan ńkọ́?" ló bi ọmọbìnrin tó ń nu ilẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. "Ẹ fi fóònù ya àmì orí tábìlì."

"Ìyá Tan ni mo bi ọ́."

"Gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù, Bàbá, oúnjẹ àti owó rẹ̀."

Shuping wo àmì náà. Bébà onígun mẹ́rin ni, ó ní tótòtó dúdú lára, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun tábìlì, òróró tí ẹlòmíràn jẹ kù ti ràn án, ẹyọ aáyù kan sì gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n fi rọ́pò Ìyá Tan nìyí? Ìyá Tan tó máa ń béèrè eyín rẹ, tó máa ń béèrè ọmọ rẹ, tó mọ̀ pé o kì í jẹ ata? Ṣíọ̀!

Shulin dé. Peixuan, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló fi mọ́tò gbé e wá. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun tán, ṣùgbọ́n ó rìn wọlé láìmú ọ̀pá. Shuping dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àga àlejò pàtàkì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Hẹn," ni Shulin wí, ó sì jókòó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó pe èèyàn wá jẹun, òun ló yẹ kó mú ìwé oúnjẹ dání, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa jẹ?" kí àlejò ní, "Ohunkóhun, má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu," kí ó wá yíjú sí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, kó fi ohùn gooro pe ẹja ńlá, kó pe pẹ́pẹ́yẹ, kó pe àkàrà ẹran, kí àlejò máa pariwo pé ó ti pọ̀ jù, kí inú rẹ̀ máa dùn. Iyì àlejò ni. Àlejò kò sì gbọ́dọ̀ rí iye owó rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe dípò rẹ̀? Yajing ya àmì, Peixuan ya àmì, orí àwọn méjèèjì wọlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Shuping yọ fóònù tirẹ̀ náà síta, ó ní òun kò ní gba kí ọmọdé bá òun pe oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun máa mọ ibi tó bá wà? Ó ní ṣé ó fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́?

"Ẹja ni mo fẹ́ jẹ!" ni Shuping pariwo. "Mi ò sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn!"

Ẹnu Shulin fẹ́rẹ̀ẹ́ yà fún ẹ̀rín, ó tètè pa á dé.

"Bàbá, ẹ kàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ni Yajing wí.

"Sí kí ni mò ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹnikẹ́ni kì í kà á, Bàbá."

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n mú ní túláàsì. Àwòrán oúnjẹ yọ, iye owó sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà. Ohun tí Shuping bá mú, ó ń yọ nínú fóònù Peixuan náà, apẹ̀rẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń kó nǹkan sí. Shuping mú ẹja pupa inú òkun. Shulin na ọrùn, ó wo fóònù ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó rí iye ẹja náà.

"Yọ ọ́," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Peixuan yọ ọ́. Shuping wò, ẹja ti lọ. Ó mú un padà. Peixuan tún yọ ọ́. Ẹja ń wọlé, ẹja ń jáde, kò sẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí o! Ọmọ ìyá méjì tí kò tíì fojú kan ara wọn láti ọdún mẹ́sàn-án, tábìlì kan ló wà láàárín wọn, wọ́n wá ń jà nínú fóònù. Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú wo ló wà lára bébà olóròóró? Ó rí Shuping lára débi pé ó fẹ́ ju fóònù náà sínú odò.

Guiqin ló parí ìjà náà. Ó na ọwọ́ sí fóònù Yajing, ó ní, "Fi ẹja náà sí i, kí o sì tì í pa, kí n má fọ́ ohun yìí mọ́ yín lórí." Bí ẹja ṣe rí ọ̀nà dórí tábìlì nìyẹn. Ọmọbìnrin kan gbé e wá, ó jù ú sílẹ̀, ó yípadà láìsọ ohunkóhun. Kò wo ibi tí orí ẹja kọjú sí! Ìrù ló kọjú sí Shulin. Nílẹ̀ yìí, orí ẹja ló gbọ́dọ̀ kọjú sí àgbà. Shuping fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àwo náà, ó gbóná, ó jó o níka, ó sì bú ọmọbìnrin náà, bàbá rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Shulin wo ìka rẹ̀. "Fi í sínú ọtí," ló wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dénú nìyẹn. Shuping ki ìka bọ inú ife ọtí ọkà bàbà. Ó da òmíràn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n mu mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n mu ìkẹrin, Shulin béèrè eyín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mu ìkarùn-ún, ó ní, "O rántí ọjọ́ tí o já sínú kòtò èédú, tí Bàbá rò pé ajá dúdú ló ń bọ̀ wálé, tó sọ ọ́ ní bàtà?" Guiqin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Shuping kò lè rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń bu ẹja sínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ń bu ú, ó ń bu ú.

Oúnjẹ tán. Shulin nu ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún rọra wọ inú aṣọ rẹ̀, lápá òsì, níbi tí àwọn àgbàlagbà ń tọ́jú owó sí. Shuping rí i! Ẹ̀gbọ́n òun náà ti múra ìjà wá! Guiqin fi orókún gbá a nísàlẹ̀ tábìlì. Shuping ki ọwọ́ méjèèjì mọ́ tábìlì, ó fẹ́ dìde. Kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn yóò sáré lọ, nígbà tí kò sí Ìyá Tan mọ́, ṣùgbọ́n ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń nulẹ̀, wọn yóò jà.

Àpótí ara ògiri kígbe. Ohùn ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ohùn dídùn, ohùn ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Tábìlì kẹtàlá, owó yín ti wọlé, ọ̀rìnlénírinwó yuan! Ẹ ṣeun, ẹ tún padà wá o!"

Gbogbo wọn yíjú sí ògiri.

"Ta ni?" ni Shulin béèrè.

Yajing gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá Hanting. Mo ti san án. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Ọwọ́ Shulin ṣì wà nínú aṣọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín," ló wí. Ó dìde, ó de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. "O ṣeun, Shuping. A jẹ, a yó."

Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Shuping sáré tẹ̀lé e dé ibi tí mọ́tò wà, ó ń pe, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi!" Shulin ti wọ mọ́tò, ó ń wo iwájú. Mọ́tò lọ. Shuping dúró síbẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tu òmíràn, bí ẹni tó gbé kòkòrò mì.

Nílé, ó dojú kọ ọmọ rẹ̀. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Bàbá, mo rí i pé fóònù ń yọ yín lẹ́nu. Mo ní kí ojú má baà tì yín níwájú ẹ̀gbọ́n yín."

"Lábẹ́ tábìlì! Bí olè!"

"Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sanwó bẹ́ẹ̀ o! Ó rọrùn! Ta ló ń bá èèyàn wọ̀yá ìjà nílé oúnjẹ nísinsìnyí? Ẹ̀yin arúgbó nìkan ló kù!" Ọmọ náà ti ń sunkún. Guiqin fà á wọlé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí Yajing jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá òun na òun. Shuping kò na ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kọ́ ló ń rí i lára. Ìrọ̀rùn yẹn ni. Gbogbo ohun tó máa ń mú kí èèyàn fọwọ́ kan èèyàn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní ó rọrùn.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù Yajing ró. Owó ni Peixuan fi ránṣẹ́. Òjìlélúgba yuan. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Bàbá ní kí n fi owó oúnjẹ ránṣẹ́."

"Èló?" ni Shuping béèrè.

"Òjìlélúgba."

Ó ka á lọ́kàn, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ìdajì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, tó lè jẹ́ ìbínú. Kì í ṣe òfo, tó lè jẹ́ ìdáríjì. Ìdajì géérégé! Àwọn tó pàdé ara wọn nínú ọkọ̀ ojú irin ló ń san ìdajì-ìdajì. Ohun tí ìdajì ń sọ ni pé, èmi kò jẹ ọ́, ìwọ kò jẹ mí, ó di gbéré. Ó bì sínú àwo. Òótọ́ ni mo sọ, ó bì.

"Má fọwọ́ kàn án," ló sọ fún Yajing. "Kí ni yóò ṣe bí o kò bá tẹ nǹkan kan?"

"Bó bá pé ọjọ́ kan, á padà sọ́dọ̀ wọn fúnra rẹ̀."

"Jẹ́ kó padà."

Owó náà padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún dé. Òjìlélúgba. Ó tún padà. Ọjọ́rú, ó dé. Yajing á mú fóònù wá fihàn án lálẹ́, bàbá rẹ̀ á gbójú kúrò bí ẹni tí wọ́n gbé eku òkú wá fún. "Ṣé ìjà nìyí?" ló bi Guiqin. "Mi ò gbọ́ ohùn ẹni tí mò ń bá jà. Mi ò gbóòórùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó jẹun lónìí." Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti pàdánù ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ tí kò lójú tì ló sì ṣe é.

Ní Ọjọ́bọ̀, owó kò dé. Ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù. Ó jọ pé wọ́n ti jáwọ́ pátápátá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan ń lu ilẹ̀kùn wọn bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Shuping ṣílẹ̀kùn. Shulin ló dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fún owó mọ́ ìkejì.

"Ìdajì!" ló kígbe. "Ìdajì ni ọmọ yẹn ń fi ránṣẹ́! Àná ni mo tó mọ̀! Mo ní kó dá owó oúnjẹ padà, gbogbo rẹ̀. Ó ní fóònù ló bi òun ṣé kí òun pín in, òun sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹnikẹ́ni kì í kà á," ni Shuping wí, láìmọ̀.

"Èmi! Kí n máa fi ìdajì ránṣẹ́ sí àbúrò mi, bíi pé àjèjì ni! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ẹ̀gbin! Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo wọ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi dé ibí. Gbà! Ọ̀rìnlénírinwó nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé ná."

"N kò wọlé. Gba owó yìí!"

"Mi ò gbà á!"

"Wàá gbà á!"

Ó ti dì í mú. Shuping náà ti dì í mú. Ẹ wá wo àgbàlagbà méjì lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fa ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn, bàtà ń dún kòkò lórí símẹ́ńtì. "Ẹ má dójú tì mí, Ẹ̀gbọ́n!" "Ìwọ lo ti ń dójú tì mí láti ọjọ́ tí a ti bí ọ!" Àwọn aládùúgbò ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń gbé àjà kẹta yọ orí, ó ní ta ló kú. Guiqin dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ara Shuping ń jà fúnra rẹ̀, ogójì ọdún ló ti fi kọ́ ọ. Ó ká ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà, ó tì í mọ́ra, ó ti ń kó owó náà bọ inú àpò aṣọ Shulin padà. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé egungun lásán ni ọwọ́ tí òun dì mú. Ó wo ojú Shulin. Ó rí i pé òun tún ti ń borí.

Ó jáwọ́.

Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nà wọ́n síta gbangba. Shulin, tó ti fi gbogbo agbára tì í, ṣubú lù ú láyà. Ó dúró, ó mí, ó kó owó náà bọ àpò Shuping, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àpò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má baà jáde.

"Ta ló sanwó?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"N kò gbọ́."

Shuping yíjú sí àwọn aládùúgbò. Ọkùnrin àjà kẹta ṣì yọ orí, àwọn tọkọtaya àjà karùn-ún ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn yìí ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí i kí wọ́n dá a rí. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké, ohùn tó máa ń fi borí ariwo ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó o! Luan Shulin, àkọ́bí bàbá mi! Òun ló bọ́ gbogbo wa!"

Shulin mi orí. Ó yíjú sí ògiri díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, ó bi Guiqin bóyá omi gbígbóná wà tí òun lè mu.